Ta Ló Buwọ́ Lù Ú?

                                        Ilé Kẹtàdínlógún,
                                        Òpópónà Ilé-Ìfìwéránṣẹ́ Àtijọ́,
                                        Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù aránkọ́tìnnì.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi Onígíláàsì,

Kí o tó ka ohunkóhun, mọ̀ pé ẹni tó ń kọ̀wé sí ọ yìí ni ọ̀gá pátápátá fún gbogbo ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ lábẹ́ ọ̀run. Ẹgbàárùn-ún iṣẹ́ ni mo fi datagíráàmù rán lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹyọ kan kò sọnù, ẹyọ kan kò pẹ́ lọ́nà, ẹyọ kan kò ṣáájú èkejì. Bí wọ́n bá gbé mi dé orí òṣùpá pẹ̀lú wáyà tó gùn tó, n ó ránṣẹ́ sí ọ láti ibẹ̀, wàá sì ti gbọ́ kí n tó gbé ìka kúrò lórí bọ́tìnnì. Àwọn tó dá kọ̀ǹpútà sílẹ̀ gan-an, bí wọ́n bá rí mi lójú pópó, wọ́n á ṣí fìlà. Má wulẹ̀ rẹ́rìn-ín. N ó padà sórí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó kọ orúkọ mi sí ìsàlẹ̀ ìwé.

Ó yá, jẹ́ n kí ọ bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara rẹ le? Màmá rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fi wọ́n sílẹ̀? Bàbá rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì máa ń bá rédíò jiyàn bíi pé ẹni tó wà nínú rẹ̀ lè dá wọn lóhùn? Àbúrò rẹ obìnrin tó gé irun mi nígbà tí mo sùn lọ ńkọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ràn sí olùkọ́ lẹ́nu, àbí àwọn olùkọ́ ló ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu? Gíláàsì ojú rẹ ńkọ́? Mo mọ̀ pé o ti tún jókòó lé òmíràn lórí. Bá mi kí i.

Bí o bá bi mí léèrè tiwa, n kò ní purọ́ fún ọ, ó kéré tán kì í ṣe nínú ìpínrọ̀ yìí. Ilé wa kò dùn. Bàbá àgbà ṣubú. Egungun ìbàdí wọn ló kán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n lò ní ọsibítù, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọn padà sínú yàrá ẹ̀yìn tí o mọ̀ ni. Dókítà ní bí wọ́n bá máa rìn mọ́, ọ̀pá méjì ni wọ́n á fi máa rìn, kò sì fi gbogbo ẹnu sọ ọ́.

Ìwọ ni wọ́n sì ń bínú sí. O ti kọ̀wé sílé wa lẹ́ẹ̀mẹta pé o fẹ́ wá gbé lọ́dọ̀ wa kí o lè ṣe ìdánwò rẹ níbí, nítorí wọn kì í ṣe é lọ́dọ̀ yín, o kò sì ní ilé ẹlòmíràn tí o lè wọ̀ sí. Ọwọ́ Màmá ni lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé. Màmá kò fèsì. Wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ kò gbọdọ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà wa mọ́ láyé. Ọ̀rọ̀ wọn gan-an nìyí, n kò fi iyọ̀ sí i: "Ọmọ yẹn pẹ̀lú gíláàsì rẹ̀, ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ló dá bàbá mi dùbúlẹ̀." Bí o ṣe wà níbẹ̀ tí ò ń dúró de èsì, tí o rò pé lẹ́tà ń sọnù lọ́nà, lẹ́tà kò sọnù. Méjì àkọ́kọ́ wà lábẹ́ ìdì aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù.

Inú ń bí èmi náà sí ọ, mo ń sọ ọ́ kí o mọ̀. Ta ló ní kí o kọ́ mi ní ààbọ̀ iṣẹ́ kí o tó gba ilé yín lọ? Ó dáa, o kọ ìyókù sínú ìwé àjákọ. Ó dáa, o fi báírò pupa fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì. Inú ṣì ń bí mi. Ó rọrùn fún mi láti máa bínú sí ẹni tí kò sí nítòsí.

Ṣé o rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀? Ìsinmi tó kọjá ni, nígbà tí ìwọ àti èmi jọ ń sùn lórí ẹní kan, tí o máa ń ta mí nípàá lójú oorun bíi ẹni tó ń lé màlúù. Yàrá Bàbá àgbà wà lẹ́yìn, ṣọ́ọ̀bù Màmá wà níwájú, àgbàlá ló wà láàárín wọn. Máṣíìnì tí Màmá fi ń rán kọ́tìnnì máa ń pariwo bí ọkọ̀ òfuurufú tó fẹ́ gbéra, ohùn Bàbá àgbà kò sì lágbára mọ́ láti ìgbà tí àyà ti ń dùn wọ́n. Bí wọ́n bá fẹ́ omi, wọ́n á pè títí. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ẹnì kan di àwọn mú lọ sí ilé ìyàgbẹ́, wọ́n á pè títí. Ìwọ lo sọ pé, "Kọ̀ǹpútà méjì tí ilé ẹ̀kọ́ yín fẹ́ dà nù yẹn, ẹ jẹ́ ká fi wáyà so wọ́n pọ̀. Bàbá á máa tẹ nǹkan ní yàrá, agogo á máa dún ní ṣọ́ọ̀bù." Káfíńtà tó bá wa pín ògiri ló yá wa ní àkàbà tí a fi gbé wáyà gba orí òrùlé. Ó ní páànù ẹyọ kan tí a bá fẹsẹ̀ lù, òun á fi egungun wa ṣe àga.

Mo mọ̀ pé ìwọ lo kọ́ mi, ṣùgbọ́n jẹ́ n sọ ọ́ padà bí mo ṣe gbọ́ ọ, kí o lè rí ibi tí mo ti yà kúrò lọ́nà. O ní ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, ọ̀kan á kan ilẹ̀kùn, èkejì á dáhùn, wọ́n á di ara wọn lọ́wọ́ mú títí ọ̀rọ̀ á fi tán. Bí ọ̀kan bá já ọwọ́ rẹ̀ gbà, ọ̀rọ̀ ti dàrú nìyẹn. O ní ìyẹn kò bá ilé wa mu, nítorí Màmá máa ń pa kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù nígbàkígbà tó bá ti gbóná. Ti èkejì ni datagíráàmù. Ènìyàn á kàn ṣí sọ́kẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe ti iná o, ojú ihò kékeré tí purogíráàmù ń gbà sọ̀rọ̀ síta ni. Á ká ọ̀rọ̀ rẹ̀ bíi bébà, á kọ àdírẹ́ẹ̀sì kọ̀ǹpútà kejì àti nọ́ńbà ilẹ̀kùn rẹ̀ sí i lára, á sì jù ú sọdá ògiri. Ó parí. Kò sí ìkanlẹ̀kùn, kò sí "ẹ ǹlẹ́ o, ṣé ẹ wà ńlé?" Lódì kejì, ẹni tó máa gbà á gbọ́dọ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn tó ní nọ́ńbà yẹn sílẹ̀, kó jókòó tì í, kó máa retí. Bí kò bá sí níbẹ̀, bébà á bọ́ sílẹ̀, ẹni tó jù ú kò sì ní mọ nǹkan kan. O na ìka sí mi nímú nígbà tí ò ń sọ ọ́: "Àsọdùn, gbọ́ o. Pé ó kúrò lọ́wọ́ rẹ kò túmọ̀ sí pé ó dé."

Apá tó ń gba iṣẹ́ ni ìwọ kọ. Apá tó ń rán an lo fi sílẹ̀ fún mi. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ dán an wò, a ní kí Bàbá àgbà tẹ ohunkóhun tó bá wù wọ́n. Àṣìṣe wa nìyẹn. Ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún gun kẹ̀kẹ́ pín lẹ́tà láti ojúlé dé ojúlé! Wọ́n fi ìka kan tẹ ẹ́ fún odidi ìdajì wákàtí, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò jẹ́ kí a yọjú wò ó. Nígbà tó yọ ní ṣọ́ọ̀bù, ohun tí Màmá rí kà ni: "Ọmọ mi àtàtà, mo lérò pé ara rẹ le bí o ti ń ka ìwé yìí. Ní tèmi, mo". Ó tán síbẹ̀. Abọ́ tí o gbé kalẹ̀ láti fi gba ọ̀rọ̀ kò gbà ju bí àádọ́rin lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì lọ, gbogbo ìyókù ti dà nù. Màmá sá eré dé yàrá ẹ̀yìn pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́.

"Bàbá! Kí ni? Kí ló ṣe yín?"

Bàbá àgbà wò wọ́n tìyanu-tìyanu. "Omi ni mo fẹ́. Ó wà ní ìpínrọ̀ kejì."

A rẹ́rìn-ín títí káfíńtà fi yọ orí lókè ògiri pé kí ni a jẹ yó. Ọjọ́ yẹn náà lo sọ pé kí a má fún wọn ní ibi ìkọ̀wé mọ́, bọ́tìnnì ńlá mẹ́ta péré ti tó: OMI, OÒGÙN, Ẹ WÁ.

Bàbá àgbà kò bá wa rẹ́rìn-ín. Wọ́n wo àwọn bọ́tìnnì náà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá béèrè pé, "Bí mo bá tẹ èyí, ta ló buwọ́ lù ú?" Ọ̀rọ̀ wa kò yé wọn, tiwọn náà kò yé wa. Wọ́n wá ṣàlàyé pé nígbà tí àwọn wà lẹ́nu iṣẹ́, oríṣi lẹ́tà kan wà tí ènìyàn kò gbọdọ̀ há sẹ́nu ọ̀nà. Ọwọ́ sí ọwọ́ ni. Ẹni tó gbà á á buwọ́ lu ìwé pélébé kan, ìwé yẹn ni wọ́n á gbé padà sọ́fíìsì. Wọ́n ní ní gbogbo ọgbọ̀n ọdún yẹn, "mo ti jíṣẹ́" kò jáde lẹ́nu àwọn rí bí ìwé pélébé yẹn kò bá sí lápò àwọn. Òjò ńkọ́? Òjò kì í ṣe àwáwí. Ajá ńkọ́? Ajá náà kì í ṣe àwáwí.

Ìwọ fò sókè bí ẹni tí iná gbé. "Ìyẹn gan-an ni, Bàbá! Ìyẹn gan-an la máa ṣe!" O ní bí iṣẹ́ bá dé ṣọ́ọ̀bù, apá tí ìwọ kọ lè rí àdírẹ́ẹ̀sì ẹni tó rán an lára rẹ̀, nítorí náà á ju "ó dé" padà sí i. Apá tèmi á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Bí kò bá gbọ́ "ó dé", á tún un rán. Bó bá rán an lẹ́ẹ̀marùn-ún tí kò gbọ́ nǹkan kan, kí kọ̀ǹpútà tó wà nínú yàrá Bàbá àgbà fúnra rẹ̀ figbe ta, kí káfíńtà lè gbọ́ láti ilé tirẹ̀. O kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé àjákọ mi. Lọ́jọ́ kejì, o wọkọ̀ lọ sílé.

Ọ̀rẹ́ mi, mo gbìyànjú. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi bá a jà. Bí mo bá ní kí purogíráàmù náà dúró de èsì, ó dúró lóòótọ́, ó dúró gbagidi. Ojú kọ̀ǹpútà á gan, bọ́tìnnì kò ní ṣeé tẹ̀, nítorí ó ti fetí sílẹ̀ débi pé kò lè ṣe nǹkan mìíràn mọ́. O ti kọ ọ́ sínú ìwé bí mo ṣe máa dá àkókò fún un. Ta ló ń ka ìwé? Mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọjọ́ kan péré ló kù. Màmá ń bi mí pé, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé a ṣì máa lò ó láyé yìí?" Káfíńtà ń bi mí. Ọmọ tó ń ta káàdì fóònù ń bi mí. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo pa gbogbo apá ìdúró rẹ́. Ìlà kan ṣoṣo ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Kété tí iṣẹ́ bá ti kúrò, kí a kọ ọ́ gàdàgbà sójú kọ̀ǹpútà Bàbá àgbà, pẹ̀lú àwọ̀ ewé tó ń dán: WỌ́N TI GBỌ́. WỌ́N Ń BỌ̀.

Kò sí ẹni tó gbọ́. Kò sí ẹni tó sọ pé òun ń bọ̀. Èmi ni mo dáhùn fún wọn sílẹ̀.

Ọjọ́ tí mo ṣí i fún wọn, o yẹ kí o wà níbẹ̀. Bàbá àgbà tẹ OMI, àwọ̀ ewé yọ lójú kọ̀ǹpútà, agogo dún ní ṣọ́ọ̀bù, Màmá gbé omi dé. Káfíńtà pàtẹ́wọ́. Mo sọ fún wọn nípa ẹgbàárùn-ún iṣẹ́ tí kò sí èyí tó sọnù, ẹnu ya gbogbo wọn. Bàbá àgbà nìkan ló tún wò mí pé, "Ta ló buwọ́ lù ú?" Mo ní, "Bàbá, ẹ wo ohun tó kọ síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ti buwọ́ lù ú fún gbogbo ayé." Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n mi orí, wọ́n ní ó dáa. Wọ́n gbà mí gbọ́, ọ̀rẹ́ mi. Ọkùnrin tí kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ fún ọgbọ̀n ọdún láìrí ìwé pélébé, ó gba tèmi gbọ́.

Oṣù méjì ló fi ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́rú kan dé, ọ̀sán gangan. Màmá ti lọ gbé kọ́tìnnì fún oníbàárà, wọ́n padà dé, wọ́n jókòó ti máṣíìnì. Bàbá àgbà fẹ́ lọ sí ilé ìyàgbẹ́, wọ́n tẹ Ẹ WÁ. Purogíráàmù mi máa ń kọ àkókò tí wọ́n bá tẹ ohunkóhun sílẹ̀, nítorí náà mo mọ̀ ọ́n bí ẹni pé mo wà níbẹ̀. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú méjìlá ni ti àkọ́kọ́. Wọ́n dúró. Ó ṣáà kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ń bọ̀. Wọ́n tún un tẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin, lẹ́yìn mẹ́rin mìíràn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ yọ ará ilé lẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀mọ́kàndínlógún ni wọ́n tẹ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mọ́kàndínlógún ló sọ fún wọn pé wọ́n ti gbọ́. Nígbà tí kò ṣeé mú mọ́ra mọ́, wọ́n dìde fúnra wọn.

Káfíńtà ló gbọ́ bí wọ́n ṣe bá ilẹ̀. Ó fo ògiri. Ó bá wọn lórí sìmẹ́ǹtì, aṣọ wọn ti tutù, ẹsẹ̀ kan ti yí síbi tí kò yẹ kó yí sí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá a sọ, ó sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà, ó sì ń wo ilẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n ní, "Ẹ má ṣèyọnu. Wọ́n ń bọ̀."

Ní ọsibítù, lórí bẹ́ǹṣì gígùn tó wà lẹ́nu yàrá, Màmá kọjú sí mi. Òwú kọ́tìnnì ṣì lẹ̀ mọ́ wọn láṣọ. "Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà yẹn látìgbà tí mo dé. Kí ló dé tí agogo kò dún?" Kí n tó mọ ohun tí mò ń sọ, mo ti sọ ọ́. Mo ní, "Apá tó ń gbà á ni, èyí tí Onígíláàsì kọ. Ó pa ara rẹ̀ dé. Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀." Mo tilẹ̀ mi orí sí i, bíi pé mo ti ń kìlọ̀ fún ọ láti ọjọ́ pípẹ́. Bí orúkọ rẹ ṣe wọ inú ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ní báyìí, Màmá ti gbé máṣíìnì wọn wá sí ẹnu yàrá ẹ̀yìn. Wọ́n ti fi aṣọ kọ́tìnnì bo kọ̀ǹpútà Bàbá àgbà, ó dàbí òkú tó jókòó. Ṣíbí àti ife tánganran ni Bàbá àgbà fi ń pè wá. Wọ́n á fi ṣíbí lu ife, kò, kò, a ó dáhùn, wọ́n á dúró. Wọn kì í dáwọ́ dúró o, àfi bí wọ́n bá gbọ́ ohùn ènìyàn. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ ṣíbí yẹn, n ó fò dìde, mo sì ti gbọ́ ọ bí ìgbà ọgọ́rùn-ún lónìí. Ó dáa, bí ìgbà mẹ́fà.

Lẹ́tà rẹ kẹta dé lọ́jọ́ Sátidé. Màmá jù ú sórí tábìlì nítòsí ibùsùn, wọ́n ní kí n dá a padà fún ilé-ìfìwéránṣẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n jáde, ṣíbí dún.

"Lẹ́tà ta nìyẹn?"

"Ti Onígíláàsì ni, Bàbá."

"Ẹ̀ẹ̀melòó ló ti kọ ọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta, sà."

"Ẹ fèsì?"

"Rárá, sà."

Wọ́n fi ṣíbí ro omi inú ife, bẹ́ẹ̀ kò sí ṣúgà níbẹ̀. Wọ́n wá ní, "Lọ́jọ́ tí mo ṣubú, kí màmá rẹ tó dé, mo ń gbọ́ ariwo bọ́ọ̀lù láti ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ń pariwo góòlù. Ta ló gbá a wọlé?"

Mo ní, "Èmi ni, sà."

"Mélòó?"

"Mẹ́ta sí òdo, sà."

"O ṣe dáadáa," ni wọ́n wí, wọ́n sì kọjú sí ògiri.

Ó ti yé ọ báyìí, ṣùgbọ́n jẹ́ n fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́. Apá tí o kọ kò pa ara rẹ̀ dé rí, kò ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Géèmù bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ gbá nígbà tí Màmá kò sí nílé. Kọ̀ǹpútà yẹn ti gbó, bí apá tìrẹ bá wà ní ṣíṣí, àwọn agbábọ́ọ̀lù á máa rìn bí aláboyún. Mo pa apá tìrẹ dé. Mo ní bí mo bá gbá a tán n ó tún un ṣí. Màmá wọlé lójijì, mo pa géèmù, mo gba ẹ̀yìn jáde bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, n kò sì rántí mọ́. Ilẹ̀kùn tí Bàbá àgbà ń ju bébà sí, èmi ni mo tì í. Ohun tó ń sọ fún wọn pé ẹnì kan ti gbà á, èmi náà ni mo kọ ọ́. Ká ní mo ṣe ohun tó wà nínú ìwé àjákọ yẹn ni, bí mo tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn náà, kọ̀ǹpútà ì bá ti figbe ta lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀karùn-ún, káfíńtà ì bá ti fo ògiri kí wọ́n tó dìde.

Bàbá àgbà ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n lò ní ọsibítù, tí Màmá ń bú ọ, tí mò ń mi orí, wọ́n mọ̀, wọn kò sọ ọ́. Ì bá sàn kí wọ́n gbá mi létí. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n tún sọ kí n tó jáde: "Kọ̀wé sí ọmọ náà. Kí ẹni tó yẹ buwọ́ lù ú."

Màmá kò tíì mọ̀. Wọ́n ti lọ gbé iṣẹ́ fún oníbàárà, wọ́n á dé kí oòrùn tó wọ̀. N kò ní lẹ ẹnu àpò ìwé yìí pọ̀. N ó gbé e sórí máṣíìnì wọn, n ó fi sísọ́ọ̀sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, n ó sì jókòó síbi tí wọ́n ti lè rí mi. Àwọn ni wọ́n máa gbé e lọ sí ilé-ìfìwéránṣẹ́ bó bá wù wọ́n. Nítorí náà, bí lẹ́tà yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, Màmá ti kà á. Yí àpò rẹ̀ padà, wo ẹ̀yìn. Mo fa ìlà kan síbẹ̀ fún wọn. Bí o bá rí ìbuwọ́lù wọn lórí ìlà náà, máa bọ̀, ẹní wa ṣì wà níbí, èmi ni n ó sùn lẹ́bàá ògiri. Bí o kò bá rí nǹkan kan níbẹ̀, wá ibòmíràn tí o máa gbé fún ìdánwò rẹ, kí o sì mọ ẹni tó lé ọ kúrò. N kò ní bẹ̀ ọ́. Ẹ̀bẹ̀ tí mo ti bẹ ògiri yàrá yìí kò jẹ́ kí ohùn kù fún mi.

Bá mi kí bàbá rẹ àti rédíò wọn. Bá mi kí màmá rẹ, kí wọ́n rọra máa tẹ̀ bí wọ́n bá ń gbálẹ̀. Sọ fún àbúrò rẹ pé irun mi ti hù. Káfíńtà ní kí n kí ọ, òun kò gba ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa rẹ gbọ́ rí, ó kàn dákẹ́ ni.

Ó ku ẹgbàárùn-ún iṣẹ́ tí mo fi ṣe fáàrí níbẹ̀rẹ̀ ìwé. Òótọ́ ni pé mo rán wọn, òótọ́ ni pé kò sí èyí tó sọnù. Irọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n lọ síbì kan. Mo ti yọ wáyà kúrò lẹ́nu rẹ̀ nígbà náà. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà níwájú mi, òun ló ń rán an, òun náà ló ń gbà á. Ara mi ni mo ń ránṣẹ́ sí, ara mi ló ń dá mi lóhùn. Iṣẹ́ mọ́kàndínlógún ni ẹlòmíràn fi ohun tí mo kọ rán nígbà tó nílò mi lóòótọ́, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó dé.

Èmi ṣì ni tìrẹ, bí o bá ṣì fẹ́ mi bẹ́ẹ̀,

Àsọdùn.